Ẹ mọ iye ẹja, ẹ ò mọ iye òkú: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣojú ìjọba ní àjọ IMO

Ẹ̀yin aṣojú ìjọba tí ẹ máa ń péjọ ní olú ilé àjọ IMO, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ìrìn ọkọ̀ ojú òkun, ní Lọ́ńdọ̀nù, àti ẹ̀yin mínísítà tó ń rán wọn níṣẹ́,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ má bínú pé ojú gbogbo ayé ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti pa èèyàn tó báyìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé.

Fún ọdún 2022, ìṣirò tí ìjọba yín kó ránṣẹ́ sí FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, fi hàn pé mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 92.3 ni ẹja àti àwọn nǹkan omi mìíràn tí wọ́n kó jáde láti inú òkun, odò àti adágún káàkiri ayé. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Ẹ ò kàn sọ pé 92. Ẹ ka ẹja dé orí ìdá mẹ́wàá. Àwọn tó lọ pa á tí wọn ò padà wálé ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 24,000 lọ́dọọdún ni iye tí ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, fi síta. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn ní 32,000 ni. Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 yẹn kan náà ni FISH Safety Foundation, àjọ kan tó ń rí sí ààbò àwọn apẹja, gbé ìwádìí jáde pé wọ́n lé ní 100,000. Láti 24,000 dé 100,000, èèyàn 76,000 ló wà láàárín. Ká ní ẹja ló sọnù nínú ìwé tó báyẹn ni, ìgbìmọ̀ ìwádìí á ti jókòó lé e lórí.

Ẹjọ́ tí mo gbé wá nìyẹn. Ẹ ò ka apẹja mọ́ àwọn tí òfin òkun wà fún, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi mọ iye wọn nígbà tí wọ́n bá kú. Ẹ jẹ́ kí n tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Nígbà tí ọkọ̀ èrò rì, òfin dé kíá.

Oṣù Kẹrin ọdún 1912 ni Titanic rì, èèyàn tó lé ní 1,500 sì bá a lọ. Kò pé ọdún méjì. Ní oṣù Kíní ọdún 1914, àwọn orílẹ̀-èdè ti jókòó, wọ́n ti kọ àdéhùn SOLAS lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun: ọkọ̀ agbẹ̀mílà tó máa gba gbogbo èèyàn tó wà nínú ọkọ̀, rédíò tí ẹnì kan á máa tẹ́tí sí tọ̀sán tòru. Wọ́n ti tún SOLAS kọ léraléra láti ìgbà náà. Síbẹ̀, bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó kan ibi tí wọ́n ti to àwọn ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ jù lọ òfin inú rẹ̀ kò kàn. Ọkọ̀ ogun wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ àwọn olówó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ìpẹja náà wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ ogun, ó yé mi, àwọn ológun ní òfin tiwọn. Ọkọ̀ ìgbafẹ́, ẹni tó ni ín ló wù láti lọ ṣeré. Ta ló ń lọ ṣeré lórí ọkọ̀ ìpẹja ní aago mẹ́ta òru nínú ìjì?

Wọ́n ní kí apẹja fara balẹ̀, pé wọ́n máa ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọdún 1977 ni wọ́n ṣe é, ní Torremolinos, ní ilẹ̀ Sípéènì. Àdéhùn náà kò múlẹ̀ rí. Lọ́dún 1993 wọ́n bomi là á, kó lè rọ àwọn ìjọba lọ́rùn. Kò múlẹ̀. Lọ́dún 2012, ní Cape Town, wọ́n tún bomi là á lẹ́ẹ̀kan sí i: bí orílẹ̀-èdè 22 tó ní ọkọ̀ 3,600 láàárín ara wọn bá ti fọwọ́ sí i, ó parí. Ó tún fún ìjọba láyè láti máa ṣe apá kan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó lè tó ọdún 10 lórí ọ̀rọ̀ rédíò. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ rédíò yìí, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ẹ padà sí Torremolinos, aṣojú orílẹ̀-èdè 48 fọwọ́ sí ìwé pé kí ó tó di ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, iye tí wọ́n ń wá á ti pé.

Ọjọ́ náà dé. Ó kọjá lójú yín. Iye náà kò pé, kò sì sí mínísítà kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ torí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1977 ti lè ní ọmọ tirẹ̀ tó ń fa àwọ̀n lórí òkun.

2. Ṣé òkun máa ń wọn ọkọ̀ kó tó gbé e mì?

Ọkọ̀ tó gùn tó mítà 24 sókè ni àdéhùn Cape Town wà fún, àwọn ọkọ̀ tuntun ló sì kàn jù nínú wọn. Ìṣirò FAO fún ọdún 2020 ni pé ọkọ̀ ìpẹja tó wà láyé lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Àwọn tó tó mítà 24 sókè jẹ́ nǹkan bí 45,000. Ìyẹn ni pé, kódà bí gbogbo orílẹ̀-èdè ayé bá fọwọ́ sí i lọ́la, nǹkan bí ọ̀kan nínú àádọ́rùn-ún ọkọ̀ ló kàn. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹ̀yin lẹ mú ìwọ̀n wá sí i.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò ní kí ẹ lọ di ẹrù ọkọ̀ ńlá ru ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà. Ohun tí ọkọ̀ kékeré nílò kò pọ̀: jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún ẹni kọ̀ọ̀kan, iná, fèrè, rédíò tàbí fóònù tí omi kò lè wọ̀, àti ẹnì kan ní èbúté tó mọ ìgbà tí wọ́n jáde àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n dé. Ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò kan ni èyí tó kẹ́yìn yẹn ń ná ni. Ẹ̀yin, FAO àti ILO ti jọ kọ ìwé ìmọ̀ràn fún ọkọ̀ tí kò tó mítà 12, mo sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ pé ìwé náà dára. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń mú nítorí pé kò tẹ̀ lé ìmọ̀ràn.

3. Hull, ọdún 1968.

Àwọn kan nínú yín á sọ pé iṣẹ́ òfin ò yá, pé ó ń gba sùúrù. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Hull, ìlú èbúté ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọjọ́ 10 oṣù Kíní ọdún 1968 ni ọkọ̀ St Romanus kúrò níbẹ̀, ó kọrí sí òkun àríwá. Kò ní òṣìṣẹ́ rédíò nínú. Òfin kò ní dandan ni kó ní. Ó di ọjọ́ 26 kí àwọn tó ni ín tó figbe ta. Ọkọ̀ tí kì í sọ̀rọ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ọjọ́ tó dákẹ́? Kingston Peridot tó bá a jáde lọ́jọ́ kan náà kò padà wá bákan náà. Èèyàn 20 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìkẹta ni Ross Cleveland. Ìjì lé e wọ apá omi kan ní Iceland tí wọ́n ń pè ní Ísafjörður, òun àti àwọn ọkọ̀ mìíràn, wọ́n ń sá fún afẹ́fẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kejì, omi tí ìgbì ń ta sókè ń di yìnyín kó tó balẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ òpó, ó ń lẹ̀ mọ́ okùn, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ rédà. Àwọn ọkùnrin ń fi àáké gé e dànù, bí wọ́n ṣe ń gé e ni ó ń wú padà. Gbogbo ìwọ̀n yẹn, òkè ọkọ̀ ló wà. Ọkọ̀ tí orí rẹ̀ bá ti wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ ti ń wá ibi tó máa ṣubú sí. Ó ṣubú. Ọ̀gá ọkọ̀ ráyè sọ̀rọ̀ lórí rédíò sí àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí: ó ní ọkọ̀ ń dojú dé, kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, kí wọ́n bá òun àti àwọn òṣìṣẹ́ òun kí ìyàwó àti ẹbí àwọn. Lẹ́yìn ìyẹn, rédíò dákẹ́.

Èèyàn mẹ́ta nínú 19 ló bọ́ sínú ọkọ̀ rọ́bà. Òtútù pa méjì níbẹ̀. Harry Eddom nìkan ló yè. Ẹ mọ ohun tó gbà á là? Òun ti wà níta, ó ń gé yìnyín, ó sì wọ aṣọ òjò àti aṣọ òtútù rẹ̀ pé. Àwọn tó kù jáde pẹ̀lú ohun tó wà lára wọn. Aṣọ ló ya òkú sọ́tọ̀ kúrò lára alààyè lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ mẹ́ta, èèyàn 58, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Lillian Bilocca ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹja ní Hull. Apẹja ni ọkọ rẹ̀, apẹja ni ọmọ rẹ̀. Òun àti àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ we gèlè mọ́rí, wọ́n gba ìfọwọ́sí èèyàn 10,000, wọ́n lọ sí èbúté láti dí ọkọ̀ tí kò bá ní òṣìṣẹ́ rédíò lọ́nà, ọlọ́pàá sì di Bilocca mú kó má fò sínú ọkọ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ bá àwọn mínísítà. Ohun 88 ni ìjọba gbà láti ṣe fún ààbò àwọn apẹja: òṣìṣẹ́ rédíò nínú gbogbo ọkọ̀ ńlá, ọkọ̀ kan tí yóò máa tẹ̀ lé wọn tòun ti dókítà. Ohun tí ẹ wá ń sọ nípa ọdún 10 lórí ọ̀rọ̀ rédíò, àwọn obìnrin yẹn fi ìwọ̀nba ọjọ́ gbà á.

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n dá Bilocca dúró lẹ́nu iṣẹ́, kò sì ríṣẹ́ gbà nídìí ẹja mọ́. Àwọn èèyàn ń kọ lẹ́tà èébú àti ìhalẹ̀ sí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń béèrè pé kí ló dé tí àwọn apẹja kì í fẹnu ara wọn sọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

4. Kì í ṣe ìjì nìkan.

Ẹni tó bá ti ru omi rí mọ̀ ọ́n. Bí omi bá kún agbada tẹ́tẹ́, ó máa ń dúró. Bó bá wà ní ìlàjì, bí orí bá yẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, gbogbo omi á da sọ́tùn-ún, á fa ọrùn lọ. Bí ọkọ̀ ìpẹja ṣe ń kú nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ṣí ihò orí ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹja lè wọlé kíá, ìgbì kan bu omi wọ̀ ọ́. Tàbí wọ́n dí ojú ibi tí omi ń gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí ẹja má baà yọ́ bọ́. Omi ò rọ́nà lọ, ó ń gbá kiri. Tàbí kẹ̀, àwọ̀n há mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, wáyà ń fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ́ńjìnnì sì ń fà á lọ síwájú.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ọkọ̀ Rọ́ṣíà kan, Dalniy Vostok, fa àwọ̀n tó wúwo gan-an sókè nítòsí Kamchatka, ní ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà. Àwọn tó ṣèwádìí ní epo tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ti ń tán, kò sì sí omi tí wọ́n fi dí àyè rẹ̀. Ìsàlẹ̀ fúyẹ́, òkè wúwo. Èèyàn 132 ló wà nínú rẹ̀, 69 kú. Kì í ṣe ìjì ló pa wọ́n. Ìṣirò ni, irú èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù kan kò lè kúrò ní èbúté láìṣe.

Ẹ sì bi ara yín léèrè ohun tó ń mú ọ̀gá ọkọ̀ fa irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ sókè. Ìpín ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ apẹja: bí ẹja kò bá wọlé, owó kò wọlé. Ẹni tí kò tíì sùn fún ọjọ́ méjì, tó sì mọ̀ pé òfo lòun ń gbé lọ sílé, kì í ṣe òun ló yẹ kí ẹ fi ìpinnu bóyá kí wọ́n gé àwọ̀n sílẹ̀ sí lọ́wọ́. Àdéhùn ILO tí wọ́n ń pè ní C188 ní kí apẹja sinmi ó kéré tán wákàtí 10 nínú wákàtí 24, àti wákàtí 77 láàárín ọjọ́ méje. Ó ti múlẹ̀ láti oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Ìjọba tó fọwọ́ sí i kò pọ̀.

5. Nọ́ńbà kan tí wọ́n tẹ̀ ní àṣìtẹ̀.

Lady Mary rì ní etíkun New Jersey, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹta ọdún 2009. Ó ní EPIRB, ẹ̀rọ tó máa ń ké sí sátẹ́láìtì bí omi bá ti kàn án. Ẹ̀rọ náà ké. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ìjọba, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣi àmì kan ṣoṣo tẹ̀, kò wá sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ tó ń ké. Ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó mọ ibi tí ohùn náà ti ń wá. Èèyàn mẹ́fà nínú méje kú nínú omi tútù.

Ẹ tún wo Villa de Pitanxo, ọkọ̀ Sípéènì tó rì níwájú Kánádà ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2022. Èèyàn 24, ọmọ Sípéènì, ọmọ Peru, ọmọ Gánà. Mẹ́ta ló yè. Ohun tí ọ̀gá ọkọ̀ sọ pé ó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ọmọ Gánà tó yè sọ kò bára mu rárá. Ta ló wá ọ̀nà kí ẹ̀rọ kan wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ ya fọ́tò ọkọ̀ náà? Àwọn ẹbí òkú ni, pẹ̀lú ìwọ́de àti ẹ̀bẹ̀ léraléra, kí ìjọba tó gbà. Opó ló ń ṣe iṣẹ́ olùwádìí.

6. Ẹ má sọ fún wa pé bí òkun ṣe rí nìyẹn.

Òkun Iceland kò tíì rọ̀ ju ti 1968 lọ. Lọ́dún 1985 wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ààbò sílẹ̀ fún àwọn atukọ̀ wọn, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Nígbà tó yá, ẹni tí kò bá kọ́ ọ kò lè lọ sókun. Lọ́dún 2008, apẹja Iceland kankan kò kú sójú òkun láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀. Òdo. Òdo náà nọ́ńbà ni, àwọn tó ń kà ló sì lè rí i.

Mo gbọ́ àtakò tó ń bọ̀: àwọn apẹja fúnra wọn kì í wọ jákẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2000 sí 2016, apẹja 204 ló jábọ́ sínú omi tó sì kú, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gbé jákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yẹn wọ̀, èyí tó tóbi bí ìrọ̀rí, kí ẹ wá gbìyànjú láti fa àwọ̀n. Ó ń há mọ́ okùn, ó ń dí ọwọ́. Àwọn tín-ínrín wà báyìí tí wọ́n máa ń wú fúnra wọn bí omi bá kàn wọ́n. Owó wọn ló ń lé apẹja sẹ́yìn, owó orí tí ẹ̀ ń gbà lórí wọn ní èbúté sì wà lára owó náà.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí.

Èkíní, kí ìjọba kọ̀ọ̀kan máa tẹ iye apẹja rẹ̀ tó kú àti àwọn tó sọnù jáde lọ́dọọdún, tọkọ̀ ńlá tọkọ̀ kékeré, kí ó jẹ́ inú fọ́ọ̀mù kan náà tí ẹ fi ń ka ẹja. Kí FAO má gba ìṣirò ẹja lọ́wọ́ ìjọba tí kò bá fi ti òkú sí i.

Èkejì, kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó fọwọ́ sí ìwé ní 2019 sọ ní gbangba ohun tó ti ṣe láti ìgbà náà, kí wọ́n má sì lo ọdún 10 yẹn lórí rédíò.

Ẹ̀kẹta, kí ìmọ̀ràn fún ọkọ̀ kékeré di òfin nílé, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àkọsílẹ̀ ní èbúté. Kí ẹ sì yọ owó orí kúrò lórí jákẹ́ẹ̀tì, rédíò àti EPIRB apẹja.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ fọwọ́ sí C188, kí ẹ sì rán èèyàn lọ wo bóyá wọ́n ń sùn.

Ẹ̀karùn-ún, bí ọkọ̀ ìpẹja bá rì tí ẹ̀mí bá sì bọ́, kí ìwádìí tí kò sí lọ́wọ́ olówó ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé opó kan kọ́kọ́ sunkún lójú ọ̀nà, kí àbájáde rẹ̀ sì jáde fún gbogbo èèyàn.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lákọ̀ọ́kọ́ kò gba owó, kò sì gba àdéhùn tuntun. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ààbò yín tó ń bọ̀, kí aṣojú kọ̀ọ̀kan dìde, kó sọ iye apẹja orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá. Nọ́ńbà kan péré. Ẹni tí kò bá ní i, kó dìde bákan náà, kó sọ pé òun kò ní i, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Èmi ni,
Ẹnì kan lára àwọn tó ń jẹ ẹja tí wọ́n ń pa.